Fídíò Màmá tí Kò Lóhùn

Òórùn bàrà tó ti rà ni mo fi ń rántí ọjọ́ tí mo ya fídíò yẹn. Bí ìwọ náà bá ti gbé Igbó-Ọrà rí, wàá mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á fọ́ bàrà sílẹ̀ lóko, wọ́n á jẹ́ kó jẹrà kí ẹ̀gúsí inú rẹ̀ lè rọrùn láti fọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì gbé òórùn rẹ̀ wọ̀lú, àlejò nìkan ló ń fọwọ́ bomú. Ìyá mi jókòó ti báàfù, ó ń fọ ẹ̀gúsí, gèlè rẹ̀ ti fẹ́ bọ́, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo na fóònù àkọ́kọ́ tí mo ní tó lè ya fídíò sí i. Ó gbójú sókè, ó bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Fídíò náà ò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, mo ti di tísà ní Èrúwà, kí Màmá tó kú. Ọjọ́ náà la sin ín. Àwọn èèyàn ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ara mi ti kú, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá kẹ́dùn. Mi ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò rántí ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dáadáa, ohùn gan-an ni mi ò rí mú. Ìgbà yẹn ni mo wá fóònù àtijọ́ náà kàn. Kò gbaná mọ́, àmọ́ mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ki mẹ́mọ́rì náà bọ fóònù tuntun, Màmá sì yọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sí ohùn kankan. Mo gbé ohùn fóònù sókè títí kò fi ṣeé gbé mọ́. Bákan náà ló rí lórí kọ̀ǹpútà iléèwé wa.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó máa ń ya fídíò ìnáwó ní Èrúwà. Ó ní kí n fi sílẹ̀, òun á sọ ọ́ di èyí tí fóònù ìsinsìnyí lè gbé jáde. Lóòótọ́ ló ṣe é, àmọ́ ó ti da orin bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi í léèrè ohùn Màmá.

“Kò sóhùn níbẹ̀ o, Tísà,” ó dá mi lóhùn pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. “Wọn kì í sì í fi fídíò sílẹ̀ láìsí orin.”

Bẹ́ẹ̀ làwọn ayafídíò wa rí, fídíò kì í kúrò lọ́wọ́ wọn láìlórin. Ká ní ìgbà mìíràn ni, ǹ bá bínú débi tí èrò á fi pé lé wa lórí. Lọ́jọ́ yẹn, mo kí i pé ó ṣeun, mo gba mẹ́mọ́rì mi, mo wá ọkọ̀ lọ sílé.

Nígbà tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́, mo fi fídíò tó lórin náà han àbúrò ìyá mi. Ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Wo ẹnu ẹ̀, Àjàní,” ló wí. “Oríkì ẹ ló ń kì.”

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ó ń tẹ̀ lé ẹnu Màmá, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ilé sunkún. Èmi jókòó, mò ń wo aago ara ògiri. Mo gbà á gbọ́, nítorí ó bá ẹnu náà mu.

Lẹ́yìn èyí ni tísà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà là mí lóye. Ó ní ohùn wà níbẹ̀. Bí fóònù àtijọ́ ṣe ń di ohùn pọ̀ sínú fídíò ni ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ò mọ̀ mọ́. Ó fi áàpù mìíràn tó ṣì mọ ọ̀nà àtijọ́ yẹn sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí fídíò tí mo kọ́kọ́ yà, èyí tó ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì. Ewúrẹ́ kan ké. Ohùn Màmá wá jáde, ó há díẹ̀.

“Pa nǹkan yẹn, kí bátìrì ẹ̀ má bàá tán. Oúnjẹ ẹ wà nínú ìkòkò. Lọ jẹun.”

Kò sí oríkì níbẹ̀. Kò tilẹ̀ dárúkọ mi. Tísà náà bi mí bóyá ohun tí mò ń wá nìyẹn, mo ní òun ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo bọ́ síta lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹ̀wà, mo jókòó, mo sì jẹun. Láti ìgbà tí Màmá ti kú ni mo ti ń gbé oúnjẹ mì láìmọ adùn rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ata ta mí lẹ́nu.

Mi ò sọ fún àbúrò ìyá mi. Èyí tó lórin jẹ́ tirẹ̀, ó máa ń wò ó tó bá ti kírun Jímọ̀ tán. Èkejì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti pààrọ̀ fóònù, mo máa ń ṣe ẹ̀dà tuntun tí fóònù náà á lè gbé ohùn rẹ̀ jáde, mi ò sì jẹ́ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Oríkì mi, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n nílé wa. Ẹni tó ń rán mi lọ jẹun ni kò sí mọ́, àfi nínú fídíò yẹn.