Ọmọ Òyìnbó Tí Mo Pọ̀n Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Olódi

“Màmá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn dáadáa: wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ.” Ohun tí ọmọ mi obìnrin sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, nígbà tó gbọ́ pé àbúrò mi tó wà ní Oǹdó ń lọ bá ọmọ tirẹ̀ tọ́jú ìkókó nílùú òyìnbó. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara mi ni ó ti kọ́ ìkìlọ̀ yẹn.

Oṣù mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ ọmọ mi yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú kan tí àlejò ń rọ́ wá wò. Ilé olódi kan wà lórí òkè níbẹ̀, òkúta látòkèdélẹ̀, àwọn ọba àtijọ́ ló gbé inú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọjà ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ ọdún ìlú, àwọn bàbá arúgbó so ṣaworo mọ́ ojúgun, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù funfun. Ó wù mí gan-an, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí mo lè yíjú sí kí n ní “ẹ wo eléyìí.” Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òru ń sùn. Èmi àti ọmọ ọmọ mi, ọmọ oṣù méje, nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé rẹ̀, la jọ lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé olódi náà ni mo ti rí ọmọ bí ọdún méjì kan tó dá dúró, tó ń ké. Mo ka ènìyàn mọ́kàndínlógún tó kọjá láì dúró. Ní Arákàlé, àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, obìnrin mẹ́ta á ti bi í pé ọmọ ta ni. Mo bọ́ ìborùn mi, mo pọ̀n ọ́n, mo so ó ní kókó méjì kí ó má baà já bọ́. Ó fẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó dákẹ́. Inú mi dùn, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ, mo ń wá ìyá rẹ̀.

Kí n tó rí ìyá náà, òun ló kọ́kọ́ rí wa, ó sì pariwo. Ó ń fa ọmọ, kókó méjì kò tú, àfìgbà tí mo tú u fúnra mi. Ọlọ́pàá obìnrin kan dé. Mo ṣàlàyé pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó ṣì kọ àdírẹ́sì wa sílẹ̀. A ti gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́ pé ìjọba wọn a máa gba ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí wọ́n bá gba ọmọ ọmọ mi nítorí mi ńkọ́?

Nígbà tí ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo ròyìn fún un. “Màmá, ẹ pọ̀n ọ́n?”

“Ó ń sunkún ni.”

“Ẹ sì ń gbé e lọ!”

“Ìyá ẹ̀ ni mò ń wá lọ.”

Ọkọ rẹ̀ ní, “Fi Màmá sílẹ̀ jàre. Àwọn òyìnbó á ní Odà ní Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún ni Màmá ń gbé e lọ.” Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má gbé ọmọ jáde mọ́.”

Ẹnikẹ́ni kò wá gba ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù, ojú fèrèsé ni mo ti wo ìlú aláriwo yẹn. Àwọn àgbà ní ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Mo ti rò pé ojú mi wà lára igba náà níbi gbogbo.

Mi ò bá ìyá yẹn wí. Bí àjèjì bá pọ̀n ọmọ mi tó sì ń rìn lọ, ariwo tèmi á ju tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ránṣẹ́ pe ìyá yín ni mo ń bẹ̀: ẹ sọ àṣà ìlú fún un lọ́jọ́ tó bá dé. Bó bá sì ṣàṣìṣe, lọ́jọ́ ìsinmi yín, ẹ mú un jáde, ẹ bá a rìn.