Àgbọ̀n Tí Híjáàbù Gbé Mì

Kò sí afẹ́fẹ́ tó lè ṣí híjáàbù tí Hàbíbátù bá rán. Òun ni télọ̀ tó dá híjáàbù ọ̀kadà sílẹ̀ lẹ́yìn ọjà Odò-Orí ní Ìwó: rọ́bà etí rẹ̀ gun àgbọ̀n lọ, ó sì dúró gbọin sábẹ́ ètè ìsàlẹ̀. Bí ọlọ́kadà bá fi eré burúkú gbé obìnrin lọ sí Ilé-Ogbó, ìborùn ẹlòmíràn á ti fò dé Olúpọ̀nnà, híjáàbù Hàbíbátù kò ní mira. Òun fúnra rẹ̀ kì í bọ́ ọ níta. Bẹ́ẹ̀ ni Badrudeen, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, ṣe mọ ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe tọrọ rẹ̀.

Yìgì ti ń sún mọ́lé nígbà tí fídíò kan bọ́ sójú fóònù rẹ̀. Obìnrin inú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta ni ojú pín sí: láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ dé òkè imú, láti òkè imú dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti ibẹ̀ dé àgbọ̀n. Bí wọn ò bá dọ́gba, ojú náà kò tíì pé. Ta ló ń kọ́ télọ̀ ní wíwọ̀n? Hàbíbátù ya fọ́tò ara rẹ̀, ó fa téèpù yọ. Ìpín ìsàlẹ̀ kò tó ìdajì ti àárín!

Àyà rẹ̀ já. Ó ń rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Ẹ má bi mí bóyá kò ní dígí nílé. Ó ní, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí téèpù ti sọ̀rọ̀, ohun tí téèpù wí nìkan ló ń rí nínú dígí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ara rẹ̀ wé ewúrẹ́ aládùúgbò, ewúrẹ́ sì fi àgbọ̀n jù ú lọ.

"Kareemah, wò mí dáadáa," ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ. "Ṣé mo ní àgbọ̀n?"

"Tó ò bá ní, kí lo fi ń rún eegun ẹran iléyá?"

"Mi ò ṣeré o! Ọjọ́ tí Badru bá ṣí híjáàbù mi, tó bá ètè tó wọnú ọrùn lọ tààrà ńkọ́? Ilé bàbá mi ló máa dá mi padà sí, wàláhì."

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Dókítà Oyèdàmọ́lá, obìnrin kan n'Íbàdàn tó ń tún ojú ṣe. Èsì dé: àgbọ̀n inú fọ́tò kúrú lóòótọ́; abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń mú un gùn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá kí òun fojú ara òun rí i. Abẹ́rẹ́ nìkan ni Hàbíbátù rí kà. Láti Ìwó dé Ìbàdàn, ó di àgbọ̀n mú nínú ọkọ̀ bí ohun tó fẹ́ já bọ́, Kareemah sì ń ṣe àdúà sí i létí.

"Ẹ bọ́ híjáàbù, ẹ jẹ́ kí n wò yín," ni dókítà wí.

Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó rẹ́rìn-ín, ó ní kó panu dé. Ọkàn Hàbíbátù ń lù bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Àǹtí, àgbọ̀n yín dà nínú fọ́tò?"

"Òun náà nìyẹn, mà. Bó ṣe kéré tó nìyẹn."

"Rárá o, híjáàbù yín ló gbé e mì. Àgbọ̀n yín pé, ó bá imú àti ètè yín mu. Ojú ta ló sì dọ́gba bí búrẹ́dì tí wọ́n gé sí mẹ́ta? Bí gbogbo ojú ṣe bára wọn rẹ́ là ń wò. Mi ò ní abẹ́rẹ́ fún yín. Ẹ máa lọ sílé."

Kareemah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Hàbíbátù kò rẹ́rìn-ín.

"Kareemah, mo gbé! Àgbọ̀n kékeré ni Badru mọ̀ mọ́ mi. Bó bá rí èyí, kò ní sọ pé mo lọ gbabẹ́rẹ́ ni?"

"Háà! Kò sí àgbọ̀n, wàhálà. Àgbọ̀n wà, wàhálà!"

Kò lè dúró dọjọ́ yìgì. Ó tú rọ́bà híjáàbù kan, ó rán an kó gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá, òun ló sì wọ̀ nígbà tí Badrudeen yà kí i lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Badrudeen wò ó, ó tún wò ó.

"Hàbíbátù, kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Kí... kí ló ṣe é?"

"Ó ti gùn."

Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀, fídíò, téèpù, Ìbàdàn, omijé sì ń kán lórí àgbọ̀n tuntun tó ti wà láti ìbí. Badrudeen gbá irùngbọ̀n rẹ̀ mú, irùngbọ̀n tí àparò lè yé sí, ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Dókítà yẹn... ṣé ó máa ń wo ọkùnrin? Ọjọ́ tí wàá fọwọ́ kan irùngbọ̀n yìí ló ti ń bà mí lẹ́rù. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀."

Hàbíbátù nu ojú rẹ̀, ó sì nawọ́ mú téèpù.