Kànga Tí Wọ́n Fi Pákó Bò

Ọdún kejì tí mo wọ ilé ọkọ ni wolé-wolé ti kànga wa pa. Abúlé wa kò jìnnà sí Ṣàgámù, ìrìn wákàtí kan ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká. Ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ wá, ó yọjú wo inú kànga, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ń ya lulẹ̀, tí àgbàrá sì ń ṣàn wọ inú omi. Ó ní omi náà lè pa wá. Ó ní kí a fi pákó bò ó, pé kánsù yóò wá gbẹ́ òmíràn, wọn yóò sì fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n yí ká. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn létí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ọkùnrin wa fi ìṣó kan pákó mọ́ ọn.

A retí kánsù títí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àbàtà tó wà lẹ́yìn oko obì nìkan ló kù tí a ti lè rí omi. A ń wọ inú rẹ̀ dé orúnkún kí a tó bu omi. Gbogbo wa la mu ún.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀lé e ni sòbìà bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú. Kòkòrò náà yọ lórúnkún rẹ̀, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Àràárọ̀ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi ká a mọ́ igi ìṣáná, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà já sínú ẹran ara. Ó já. Ẹsẹ̀ náà wú débi pé kò lè nà án mọ́. Obì gbó lórí igi, ó ń já bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣà á. Nínú ilé mẹ́ta tó yí wa ká, kò sí ọkùnrin kan tó lè dìde dúró.

Ìyá ọkọ mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé. Nítorí pé mo mọ̀wé díẹ̀, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ lẹ́tà sí kánsù, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo fẹsẹ̀ rìn dé Ṣàgámù lọ fi jíṣẹ́. Ohun kan náà ni akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń sọ fún mi: "Lẹ́tà yín ti wọ fáìlì." Nígbà kẹrin, mo bi í pé ta ló ń ka fáìlì náà. Ó na ọwọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo sunkún láti ibẹ̀ títí mo fi kọjá Sábó, àwọn tó ń ṣa obì níwájú ilé ń wò mí.

Mo ròyìn fún Ìyá. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, ìwé kì í rùn. Bóyá bí wọ́n bá gbọ́ òórùn egbò, wọn á dìde."

Oníṣòwò kan ní Sábó tó máa ń ra obì lọ́wọ́ wa yá wa ní lọ́rì rẹ̀. A tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn aláìsàn sí i. Ọkọ mi kọ̀.

"Ṣé kí gbogbo ayé wá máa wò mí bí ẹran orí àtẹ ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Ọgbọ́n ti tán nínú mi."

Ó yíjú sí ògiri, ó jẹ́ kí a gbé òun.

Ẹni mọ́kànlá ni a tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kánsù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eṣinṣin bò wọ́n. Nígbà tó yá, sẹ́kítírì jáde, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ìyá ro ẹjọ́ wa ní èdè Rẹ́mọ. Ọkùnrin náà kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa, ó ní kí n tún un sọ lọ́nà tí yóò yé òun. Mo tún un sọ.

"Sọ fún Ìyá kí wọ́n lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n mú un wá," ó ní.

Èyí kò nílò ògbufọ̀. Ìyá ní, "Ìyàwó wa ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ mi rèé nílẹ̀. Ẹ kà á."

Sẹ́kítírì padà wọlé. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún jáde, wolé-wolé tó ti kànga wa pa sì ni. Kò lè wò wá lójú. Ó ní kánsù kò ní gbẹ́ kànga kankan lágbègbè wa lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n bí a bá lè fọwọ́ ara wa tún ti àtijọ́ ṣe, òun yọ̀ǹda kí a ṣí i.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí a tì í, sà," mo wí.

"Mo mọ̀," ó ní. "Wọ́n ṣèlérí fún èmi náà ni."

A kó àwọn aláìsàn wa padà sílé. Nígbà tí kò sí ọkùnrin tó lè wọ kànga, èmi ni wọ́n so okùn mọ́ nídìí. Ìyá àti àwọn obìnrin yòókù di okùn náà mú. Mo ń fi garawa bu ẹrẹ̀, wọ́n ń fà á sókè, iyẹ̀pẹ̀ sì ń já lé mi lórí. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi ṣe é. Wolé-wolé fi kẹ̀kẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì kan wá fún ẹnu kànga. Kò sọ ibi tó ti rí i, a kò sì bi í.

Sòbìà tún yọ lára àwọn ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, nítorí omi àbàtà tí a ti mu. Lẹ́yìn ìyẹn ló dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n orúnkún ọkọ mi kò nà mọ́ títí ó fi kú. Ọjọ́ kan tí mo gbé omi ìwẹ̀ fún un, ó ní, "O tẹ́ mi sílẹ̀ níwájú àlejò." Mo gbé omi náà kalẹ̀, mo jáde.