Olùtọ́jú Kì Í Dùbúlẹ̀

Ìyá àgbà fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá mi sókè, ó sì fi í sílẹ̀. Awọ náà kò padà. Ó dúró bí etí aṣọ tí a ṣẹ́, torí omi ti tán lára rẹ̀. Ìyá mi, tó lóyún oṣù márùn-ún, ṣì kúnlẹ̀ nídìí bàsíà, ó ń fọ aṣọ tí bàbá mi ṣu sí.

"Ìgbà wo ni ìgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ náà?"

"Láti ìjẹta, Ìyá."

"O ò wá sọ?"

"Ta ni ì bá tọ́jú wọn?"

Ìyá àgbà, tó jẹ́ ìyá bàbá mi, jókòó sínú ẹrẹ̀. Òun ló kọ́ gbogbo ìyàwó ilé wa pé olùtọ́jú kì í dùbúlẹ̀ kí aláìsàn tó dìde.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Àrùn onígbáméjì ti wọ abúlé apẹja wa létí ọ̀sà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì wà lórí ẹní. Òórùn ìgbẹ́ gba inú ilé, òórùn ẹja tó ń jó lórí ààrò gba ìta, torí kò sí ẹni tó ń yí i. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ká máa pò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá mi ń fún. Òun kò tọ́ ọ wò.

Ìyá àgbà gba ife omi náà lọ́wọ́ bàbá mi.

"Ìyá, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

"O tọ̀ láàárọ̀ yìí. Ìyàwó rẹ ò tọ̀ láti àná. Dìde, lọ fọ aṣọ rẹ."

Ó gbé ìyá mi sínú ọkọ̀, ó tù ú lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́. Mo jókòó tì í, mò ń fi ṣíbí rọ omi oníyọ̀ náà sí i lẹ́nu. Àjẹ̀ ń lu omi, Ìyá àgbà sì ń tún un sọ pé, "Èmi ni mo kọ́ ọ," títí a fi gúnlẹ̀.

Ìyá mi yè. Oyún náà bàjẹ́.

Nígbà tí a padà, bàbá mi ń fọ aṣọ. Aládùúgbò kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ìyàwó ti di baálé ni?"

"Bọ́ ṣòkòtò tìrẹ náà wá," ni Ìyá àgbà wí, "kó bá ọ fọ̀ ọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n tú okùn tí wọ́n fi dí èbúté wa, tí wọ́n ní àrùn ti lọ, òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣí ìwé, ó bi bàbá mi pé ẹni mélòó ló ṣàìsàn nílé wa.

"Mẹ́ta," ni bàbá mi wí.

Ìyá àgbà kò gbójú kúrò lára ẹja tó ń tò. "Márùn-ún ni. Kọ ìyàwó mi. Kọ èyí tó wà nínú rẹ̀ náà."



Ìkòròdú ni mò ń gbé báyìí, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Omi tí n kò fojú ara mi rí kó hó, n kì í mu ún. Nígbà tí kòrónà mú èmi àti ọkọ mi lọ́sẹ̀ kan náà, gbogbo ẹni tó pè mí ló ń béèrè pé báwo ni ara ọkọ mi. Mo kọ́kọ́ sọ ti ara mi. Ó dà bíi pé mò ń jẹ́wọ́ olè.