Máàkì Tí Tíṣà Òjó Fún Gàrí Ìyá Mi

Bí gàrí bá ń dà láti inú kóńgò bọ́ sínú ọ̀rá, ṣààà ló máa ń dún, bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ń gbọ́ ọ, mi ò sì kà á sí mọ́, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọbìnrin kan ló wá rajà níwájú ìsọ̀ mi. Ìjagun ló ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan lẹ́yìn ọjà, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ó lè ṣe é. Wọn ò san kọ́bọ̀ fún un. Ẹfun ṣì wà ní ìka rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ti ń yanu bí ọmọ ẹyẹ tí ebi ń pa. Kóńgò kan ló rà. Mo wọ̀n ọ́n fún un, mo bu èènì lé e. Mo tún bù. Nígbà tó yá, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń bù ú. Ọmọ náà ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú díẹ̀.

"Màmá, èènì yìí mà pọ̀ ju ọjà lọ."

Ọwọ́ mi dúró. Gbólóhùn yẹn gan-an ni èmi náà sọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èèyàn gidi kúrò nílùú yìí.

Ní àwọn ọdún 1980 ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Ìjẹ̀bú-Òde ìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín díẹ̀. Àwọn ilé tó ní páànù pípọ́n dòdò, tó ti dípẹtà tó fi dà bí ẹni pé wọ́n fi epo pupa kùn ún. Ògiri tí òjò ti la ilà sí lójú. Ìyá mi ní àwo tánganran ńlá méjì lábẹ́ ìgbátí òrùlé ilé wa, ọ̀kan fún gàrí tó kúnná, ọ̀kan fún èyí tó le díẹ̀ fún àwọn tó ń fi í tẹ ẹ̀bà. Ìbẹ̀fun ni gàrí náà ti ń wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, àdúgbò wa á sì gba òórùn kíkan rẹ̀ títí dé àṣálẹ́. Òórùn yẹn ni mo fi mọ ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ wọn. Lókè pópó ni ilé-ìwé wa wà, pẹ̀lú igi àgbálùmọ̀ kan àti ríìmù ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn, tí wọ́n ń fi irin lù bí agogo. Gbogbo àdúgbò ló ń fi ríìmù yẹn mọ ìgbà, títí kan àwọn ewúrẹ́.

Tíṣà Òjó ló ń kọ́ wa ní ìwé kẹfà. Ará Èkìtì ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn débi pé táì rẹ̀ rí àyè ṣeré. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì ló ní, bó ti ń wọ ọ̀kan ni ìkejì ń gbẹ lórí okùn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó mu gàrí wa, ojú rẹ̀ kó jọ pọ̀, ó sì béèrè ta ló fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá gbé ẹfun dání, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Èèyàn kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè mú kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọ orí ọmọ onígàrí ni.

Wàhálà tirẹ̀ ni pé kì í gba ọrẹ. Àwọn tíṣà tó kù ń gbà. Iṣu, igi ìdáná, àgbàdo tuntun, ohun tí ilé kálukú bá ní ni wọ́n ń fi rán ọmọ, bí àwọn òbí ṣe ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" nìyẹn. Bàbá ọmọ kan ní kíláàsì wa, tó ń dáko lọ́nà Ìjẹ̀bú-Mùṣin, fi adìyẹ kan ránṣẹ́ sí Tíṣà Òjó. Tíṣà dúpẹ́ títí, ó sì ní kí ọmọ gbé e padà. Adìyẹ yẹn jókòó lábẹ́ tábìlì títí agogo fi lù, ó sì padà sílé láìmọ nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí àwa kan ti máa ń ṣe.

"Bí mo bá jẹ adìyẹ bàbá rẹ," ni Tíṣà wí fún ọmọ náà, "ọwọ́ wo ni n óò fi kọ òdo sínú ìwé rẹ?" Kò sì purọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kọ ọ́.

Ó wá di ìgbà kan tí owó oṣù àwọn tíṣà kò dé. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá, àwọn àgbà sì mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, nítorí ìgbànú Tíṣà Òjó ti ní ihò tuntun tí wọ́n fi ìṣó lu. Ìyá mi, tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà, ka ihò yẹn bí ẹni ń ka ìwé. Ọjọ́ Sátidé ni Tíṣà máa ń wá ra gàrí. Ìyá mi á wọ̀n ọ́n, á dà á, á wá bẹ̀rẹ̀ èènì. Bó ti ń bù ú ló ń bá Tíṣà sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ ìyà tí àwọn ọmọ ń fi jẹ òbí, kí ojú Tíṣà má baà dé inú ọ̀rá. Lẹ́yìn tí Tíṣà bá ti lọ, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkùnrin tó bá ti so táì mọ́rùn, o ò lè fún un lọ́rẹ níta gbangba. Àmọ́ ta ni ojú èènì ń tì?"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o. Etí mi gbọ́ ọ, ẹnu mi ni kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí Tíṣà kọ́ wa ní ìdajì àti ohun tó ju ìdajì lọ, orí mi sì ń wú pé ó yé mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró ti àwo, àwọn oníbàárà mẹ́ta wà níbẹ̀, Tíṣà wà níbẹ̀, mo sì gbé ohùn sókè kí ó lè rí i pé mo gbọ́n.

"Ìyá, èènì yìí mà pọ̀ ju ọjà lọ. Ó ju ìdajì ọ̀rá náà lọ dáadáa."

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Òjó wo inú ọ̀rá rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó rọra ń fi ọwọ́ bu gàrí padà sínú àwo ìyá mi, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku kóńgò kan rẹ́gí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó sì lọ. Kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ìyá mi kò nà mí. Ó kàn wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹnu rẹ yìí," ó ní, "á rìn lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, kò ní mọ̀nà ilé."

Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, bí a bá jáde fún oúnjẹ, Tíṣà á lọ sídìí ìkòkò omi, á mu ife kan, á tún mu ìkejì, á wá jókòó bí ẹni tó yó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ẹfun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di pátákó mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọjọ́ yẹn la gbọ́ pé ó ti di ẹrù rẹ̀, pé bí oṣù bá parí, á padà sí Èkìtì lọ bá bàbá rẹ̀ roko. Tíṣà ìwé karùn-ún ti lọ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò wa ku oṣù mẹ́ta, kò sì sí ẹlòmíì tí yóò kọ́ wa. Gbogbo kíláàsì ń bú ìjọba. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bú.

Mo délé, mo sunkún, mo sọ fún ìyá mi. Ó ń fẹ́ ìyàngbò kúrò nínú gàrí. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú. "Ẹni tí kì í gba ọrẹ," ó ní, "ṣé kì í gba iṣẹ́ ni?"

Lọ́jọ́ Fúráìdé, ó di gàrí kóńgò kan sínú ìborùn rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún Tíṣà, ó sì mú kí n tún iṣẹ́ náà sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹnu mi má baà fi tirẹ̀ kún un. Mo dúró níwájú Tíṣà, mo na ìborùn náà sí i.

"Sà, ìyá mi ní àwọn ará Èkìtì ti ń ra gàrí lọ́wọ́ àwọn báyìí, àwọn ò sì mọ̀ bóyá ó kan jù fún ẹnu yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn mu ún wò láàárọ̀, kí ẹ mu ún wò lálẹ́, kí ẹ sì sọ òótọ́."

Ará Èkìtì kan ṣoṣo tó tíì ra gàrí lọ́wọ́ ìyá mi rí ló jókòó síwájú mi yẹn. Ó wò mí pẹ́. Ó wo ìborùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún wọn pé n óò yẹ̀ ẹ́ wò."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi bébà kékeré kan rán mi sí ìyá mi. Bírò pupa ló fi kọ ọ́, èyí tó ń fi gé wa lórí nínú ìwé iṣẹ́ wa. Ìyá mi ní kí n kà á. Mo fi ìka tẹ̀ lé e, mo ń kọsẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí òkúta: "Gàrí ọ̀sẹ̀ yìí: márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ó kan bí ẹni tí inú ń bí. Mo rí iyanrìn méjì."

Ó yẹ kí ẹ rí ìyá mi. Ó ní kí n tún un kà, bóyá èmi ni mo ṣì í kà. Márùn-ún. Òun, tí ìyá òun ta gàrí, tí ìyá ìyá òun ta gàrí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tó ti wọkọ̀ lọ sí Ìbẹ̀fun lọ bá obìnrin tó ń yan án jà. Ó ra asẹ́ tuntun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba mẹ́fà, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi tàn. Obìnrin ẹlẹ́pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ẹ̀pà tòun náà fẹ́ ìdánwò. Obìnrin tó ń ta ẹja yíyan gbé tirẹ̀ wá, ẹja gba mẹ́rin, kò sì kí Tíṣà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tó fi ẹja tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ránṣẹ́. Tíṣà Òjó fi ihò tuntun ara ìgbànú rẹ̀ sílẹ̀, ó padà sí ti àtijọ́. Oṣù parí, kò tú ẹrù rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò gbé e.

Ohun tí mi ò tètè rí ni pé bébà náà ń gùn sí i. Ìlà kan di mẹ́ta, mẹ́ta di méje, àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ́ wa láàárín ọ̀sẹ̀ sì ń yọjú nínú rẹ̀ bí ọdẹ nínú igbó. Bí mo bá délé-ìwé, á ní, "Kí ni ìyá rẹ wí?" Bí èsì kò bá bá ìwé mu, ó ti mọ ibi tí mo fò nínú kíkà. Ìyá mi rò pé òun ló ń fún Tíṣà ní èènì tó fara pamọ́. Èmi sì ni ọ̀rá tí Tíṣà ń bu tirẹ̀ sí.

Ó kọ́ wa títí a fi ṣèdánwò. Mo yege. Àmọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lọ́dún yẹn, àwo gàrí sì ń wá ẹni tí yóò rù ú, bẹ́ẹ̀ ni ìwé mi ṣe mọ níbẹ̀. Kí Tíṣà tó lọ sí ilé-ìwé mìíràn, ó fi bébà ìkẹyìn rán mi. Nínú Bíbélì ìyá mi ló wà títí di òní, bírò pupa náà ti ń di àwọ̀ ilẹ̀.

"Gàrí: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹni tó tà á: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹ ṣeun, Màmá. Ẹni tó ka ìwé yìí: mẹ́sàn-án. Mo yọ ọ̀kan nítorí ẹnu rẹ̀."

Mo kà á láìkọsẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀, ó wá fi gèlè náà nu ojú. "Mẹ́sàn-án kẹ̀?" ó ní. "Ó ṣàánú rẹ."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá máàkì kan yẹn. Ẹ bi àwọn oníbàárà mi, wọ́n á ní mi ò tíì rí i. Páànù pípọ́n ti ń tán nílùú, ríìmù ti di agogo oníná, fóònù ni wọ́n fi ń sanwó gàrí báyìí, ọjọ́ kan sì wà lọ́dún tí wọ́n ń fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sí olùkọ́. Òdòdó dára. Kò ṣeé fi omi tútù mu.

Ọmọ Ìjagun yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti ń bu gàrí padà sínú àwo mi? Ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Dúró, ìyá olùkọ́. Kì í ṣe ọrẹ, iṣẹ́ ni. Ẹnu àwọn ọmọ ìwòyí ò yé mi mọ́. Bá mi mu ún wò láàárọ̀, kí o mu ún wò lálẹ́, kí o wá sọ òótọ́ fún mi."

Ó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní gàrí náà dùn, ṣùgbọ́n iyanrìn wà nínú rẹ̀, méje lòun lè fún un.

Méje. Ní ọjọ́ orí mi yìí. Mo ti lọ ra asẹ́ tuntun.