Ohùn Tó Pe Gólì Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Attécoubé, àdúgbò kan ní Abidjan, kò sí àgbàlagbà kan ládùúgbò wa tí n kò lè sín jẹ. Mo lè wúkọ́ bíi pásítọ̀ wa kó tó gbàdúrà. Mo lè kùn bíi bàbá mi nígbà tí òwú bá já lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ mi yóò rẹ́rìn-ín títí wọn yóò fi jókòó sílẹ̀. Ẹ má wo irun funfun orí mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ aláròyé ni mí, ẹnu mi kì í sinmi, inú mi sì máa ń dùn bí àwọn ènìyàn bá yí mi ká. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, n kò sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi títí ó fi kú.

Orí òkè ni ilé wa wà, a máa ń wo omi ọ̀sà láti ojú fèrèsé. Àwọn ará ìlú wa pọ̀ níbẹ̀: aránṣọ, káfíńtà, oníṣòwò, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tí wọn kò tíì gbọ́ Faransé kankan. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa ọmọ ìlú wa a máa bá àwọn ọmọ ìlú kejì gbá bọ́ọ̀lù. Odò kékeré kan ló pààlà ìlú méjèèjì nílé, ṣùgbọ́n a kó ìjà ilẹ̀ tó wà létí odò náà wọ Abidjan, a wá ń fi bọ́ọ̀lù jà á. Bó bá ti ku ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà kò ní kí ara wọn mọ́. Bí a bá borí, a ó se ìrẹsì ní gbogbo àgbàlá. Bí a bá pàdánù, a gbọ́dọ̀ rí ẹni tí a ó dá lẹ́bi kí a tó tú ká lórí pápá. Lọ́dún kan, bàbá mi tó rán aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní apá aṣọ náà ló fún jù tí wọn kò fi lè sáré. Oṣù kan gbáko ni bàbá mi fi bínú.

Gólì wa nígbà náà, ẹni tó ń ṣọ́ ojú ilé fún wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ni. Ọmọ ìlú wa ni bàbá rẹ̀, ó ti kú. Ọmọ ìlú kejì ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà ló ń dirun fún gbogbo obìnrin àdúgbò, àárín itan rẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gòkè wá láti etí omi, kì í dìde. Yóò kàn gbé ọrùn sókè, yóò ní, "Àkànní ooo!" Ohùn náà yóò ròkè, yóò sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó ya ìlà irun mìíràn, ọmọ náà ti dé, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ìdí wà tó fi ń yára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ nínú ilé, ìyá rẹ̀ ké pè é, ṣùgbọ́n eré wà lára rẹ̀, kò tètè dáhùn. Nígbà tí yóò fi dé, bàbá ti kú. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá rẹ̀ bá ti pe oríkì rẹ̀, kò sí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní jù sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn yìí. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ọdún tí mò ń wí yìí, pápá oníyanrìn kan ní Abobo ni a ti gbá bọ́ọ̀lù náà. Gbaka mẹ́ta, àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké yẹn, ló kó wa lọ, a sì ń kọrin láti Attécoubé títí a fi débẹ̀. Àwọn ará ìlú wa dúró lápá kan, ti ìlú kejì dúró lápá kejì. Ìyá gólì wa lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí bí a ti ń ṣe é nìyẹn: obìnrin kì í pa ìlú bàbá rẹ̀ tì lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ilé wa, níbi tí wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ọmọdé má ṣe dé.

Kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé títí ó fi ku díẹ̀ kó parí. Ọ̀mì tó wa, nítorí àwa la gba ife lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀mì yóò sì jẹ́ kó dúró sọ́dọ̀ wa. Gólì wa ti mú àwọn bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó ṣeé mú. Ní ti àwa ọmọdé, ìran náà ti sú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wò mí, ó ní, "Ìwọ, o ò lè sín ìyá ẹ̀ jẹ." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì tó fún mi.

Mo gbé ọrùn sókè. Mo ní, "Àkànní ooo!"

Ó jáde dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Gólì wa kò kàn wẹ̀yìn lásán. Gbogbo ara ló yí padà. Ó ní, "Màmá?" ó sì ń fi ojú wá a kiri. Ọmọ ìlú kejì kan ti gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù tí kò lágbára rárá, tó kàn ń yí bọ̀ nínú iyanrìn. Mo rí i. Bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó wọlé, ó sì wá dúró níwájú mi.

Kò pẹ́ tí rẹfirí fi fọn fèrè, tí ó parí. Àwọn apá kejì ń fò sókè. Ní tiwa, bàbá mi ṣí fìlà, ó là á mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn. Ọ̀gá tó ń kọ́ gólì níṣẹ́ jókòó sílẹ̀ gbalaja, ó káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀: kí ló ń wò? Kí ló sọ nù lẹ́yìn? Ọmọ náà kò mọ irọ́ í pa. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ìyá mi ló pè mí. Mo gbọ́ ohùn wọn."

Wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi nìyẹn. Àwọn mìíràn náà ní àwọn gbọ́ ohùn obìnrin. Ìyá náà, ní tirẹ̀, ti dìde lọ tọrọ omi mu nílé kan lẹ́bàá pápá nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí i níbi tó jókòó sí. Wọ́n ní ó mọ ohun tó ń ṣe, ó mọ̀ pé ọmọ òun kò lè ṣàìdáhùn, ó ta ọmọ nítorí ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo ojú mi. Mo fi ìka lé ètè, wọ́n sì pa á mọ́, nítorí gbogbo wa la rú òfin tí a fi jókòó síbẹ̀. Mo rántí ọwọ́ bàbá mi àti fìlà tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, ẹ̀rù sì bà mí.

Kí gbaka tó dé Attécoubé, orin ti wà nílẹ̀. N kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi ló dùn jù nínú ọkọ̀ náà, èmi ni wọ́n ní kí n máa lé e:

Ìyá pè é, ó dáhùn,
Ìyá pè é, ó yí padà,
Bọ́ọ̀lù ń kọjá, kò rí i,
Ẹ bá wa dá a padà fún ìyá rẹ̀.

Mo lé e. Mo tiẹ̀ fi ijó sí i. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, wọn yóò béèrè ohun tó ṣe mí.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pe ìyá àti ọmọ sí ìpàdé nínú àgbàlá alága. Wọn kò fẹ́ ju pé kí obìnrin náà jẹ́wọ́, kó kúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ rẹ̀ gan-an bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀yin ni. Vraiment, lóòótọ́, n kò bínú."

Ìyá ní, "Àkànní, n kò la ẹnu mi."

"Màmá, mo mọ ohùn yín."

"N kò pè ọ́."

Wọ́n sọ ọ́ títí, kò sẹ́ni tó yẹ̀ nínú wọn. Ọmọ gbà pé ìyá òun ń purọ́ fún òun lójú gbogbo ayé. Ìyá rí i pé ọmọ òun kò gba òun gbọ́. Àárín wọn kò gún mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ibi tó dùn mí jù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìyá náà rí mi nídìí ẹ̀rọ omi. Irun orí mi, ẹlòmíràn ló dì í, nítorí ìyá mi àti gbogbo obìnrin ìlú wa ti kó orí wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo irun náà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan tèmi, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ jókòó lẹ́yìn ojú ilé gólì lọ́jọ́ náà. Má bẹ̀rù. Ta ló pè é?"

Kì í ṣe pé ó ń fura sí mi. Ó ń wá ẹlẹ́rìí ni. Mo kúnlẹ̀ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, mo ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó ní, "Èmi?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo gbọ́ yín."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó ní, "Bóyá mo pè é tí n kò mọ̀." Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ bó ṣe ń gun òkè lọ.

Igbe tí mo ké lórí pápá, eré ọmọdé ni, mo lè wá àwíjàre fún un. Èyí tí mo sọ nídìí ẹ̀rọ omi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́.

Kí oṣù náà tó parí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Abobo. Ọmọ rẹ̀ kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́; ó wá iṣẹ́ lọ sí San-Pédro, ìlú kan tó jìnnà sí Abidjan, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ọdún Kérésì nìkan ló máa ń wá kí ìyá rẹ̀, àwọn tó mọ̀ wọ́n sì ní kì í jókòó, ìdúró ló máa ń kí i bí àlejò. Èmi dàgbà, mo wọ ẹgbẹ́ akọrin, mo lọ́kọ. Nígbà tí ìyá náà kú, ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sin ín, èmi ni mo sì lé orin níbi ìsìnkú. Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ mi, wọ́n ní mo kọrin bí áńgẹ́lì. Mo délé, n kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Síbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi kan ti ibi bọ́ọ̀lù ọmọ ìlú dé. A pàdánù. Bó ṣe ń wọlé, fóònù wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń bú gólì wa bí ẹni pé olè ni. Lẹ́yìn náà ló fi orin sí i. Orin náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ. Ó ní, "Mémé, gbogbo supporters wa ló mọ̀ ọ́n. C'est juste pour chambrer," pé àwọn kàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò mọ̀ pé ìyá kan wà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá orin náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Niangon, níbi tí gólì wa ń gbé báyìí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi fún mi, ó ní, "Àbúrò mi akọrin!" N kò lè mu omi náà. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń ro mí, mo sì sọ ọ́ fún un, ti orí pápá àti ti ìdí ẹ̀rọ omi. N kò dín in kù.

Ó ní, "Kí Màmá tó kú, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n má bínú, pé àwọn ló pè mí lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, pé àwọn ti wá gbà. Wọ́n bẹ̀ mí." Ó nu ojú. Ó ní, "Mo sì sọ fún wọn pé mo ti dárí jì wọ́n."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó kàn ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ẹni tó ti ná tirẹ̀ lórí aláìṣẹ̀, mo sì padà wálé láìtọrọ rẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Pápá Abobo yẹn ti di ilé. Ká ní òde òní ni, fóònù ẹnìkan ì bá ti gba ohùn mi sílẹ̀, wọn ì bá sì ti nà mí kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Nígbà tiwa, ohun tí ọmọdé kan bá sọ ni wọn yóò gbé dání lọ títí. Ṣùgbọ́n ìbínú yín kò yàtọ̀ sí tiwa. Ó kàn ń yára dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń bú ju ti àtijọ́ lọ ni. N kò ní kí ẹ má ké lórí pápá, n kò ní kí ẹ má kọrin. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé obìnrin inú orin yẹn gbé ayé rí, pé kò pe ọmọ rẹ̀, àti pé ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun jẹ̀bi. Èmi tí mo jẹ̀bi gan-an ni ẹ ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀.