Ìwé Tí Wọ́n Tì Mọ́ Kọ̀ǹpútà

"Ojú ló kọ́kọ́ lọ," ni dókítà sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. "Kókó inú orí yẹn ṣì ń dàgbà. Etí ló kàn."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ní Sabon Gari, ti ka ìwé kan dé ìlàjì kí ojú rẹ̀ tó fọ́: ìtàn ọkùnrin kan tó lọ sógun. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí. "Ọmọ ìyá mi, ṣáà jẹ́ n mọ̀ bóyá ó padà sílé."

Mo rí ìwé náà rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹnìkan ti kà sílẹ̀ fún gbígbọ́. Orí kọ̀ǹpútà kafé kan ní Muchia ni mo ti rà á. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ilé ìtàwé tó tà á fún mi máa ń ti ìwé pa: orí kọ̀ǹpútà tí a fi rà á nìkan ló ti lè sọ̀rọ̀. Mo dà á sínú ẹ̀rọ kékeré tí mo rà fún un, kò fọhùn.

Bí mo ṣe ń fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lọ sí kafé lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn. Oní-kafé, ọmọ Ìlọrin, a máa bá a ṣàwàdà: "Hajiya, kí n kúkú tẹ́ ẹní fún yín síbí?"

"Fánù rẹ ni kí o kọ́kọ́ pa," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. " Ó ń pariwo ju ẹni tó ń kàwé lọ."

Oní-kafé wò mí. Fánù náà ti bàjẹ́, kò yí rárá láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ó ku orí mẹ́ta nígbà tí fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà náà, ó sì nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò. "Wallahi, Alhaji," ni oní-kafé wí fún mi, "mi ò mọ̀ pé ìwé Hajiya máa bá a lọ." Mo kọ̀wé sí ilé ìtàwé. Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó fèsì: kí n tún un rà.

Mo wá kiri títí mo fi rí ilé ìtàwé mìíràn tí kì í ti ìwé pa. Bí o bá ti rà á, ibi tó wù ọ́ ni kí o dà á sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dánlóòdù rẹ̀, iná ń lọ, iná ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ kékeré náà sí etí ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

Ó ń sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Ọkùnrin náà kò padà.

Nígbà tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di la ti fẹnu kò: bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Ó padà sílé?"

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo ń kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ ọwọ́ rẹ̀.

"Alhamdulillahi," ló wí, ó sì dá ẹ̀rọ náà padà fún mi.